Ìdánwò SAT àti fọ́ọ̀mù kùtùkùtù sí yunifásítì Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn òbí

Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń bi mí: lẹ́yìn ìsìn, níbi ìkómọjáde, lórí WhatsApp ní aago méjìlá òru. Mo ti kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó ta kókó ló wà lẹ́yìn.

Kí ni SAT àti ACT? Ṣé bíi JAMB náà ni?

Ìdánwò ìwọlé ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe JAMB. Ọmọ tí kò bá dé ojú máàkì tí yunifásítì gbé kalẹ̀ fún JAMB, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn fún ọdún yẹn. Ní Amẹ́ríkà, SAT jẹ́ ọ̀kan nínú ohun púpọ̀ tí wọ́n ń wò: èsì kíláàsì láti ọdún kẹsàn-án ilé-ìwé (Grade 9), bí àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ yàn ṣe le tó, àròkọ rẹ̀, lẹ́tà àwọn olùkọ́, ohun tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé. Èsì kíláàsì ló wúwo jù nínú gbogbo wọn. Ẹ má torí lẹ́sìnnì SAT jẹ́ kí máàkì kẹ́mísírì ọmọ wálẹ̀.

College Board ló ń ṣe SAT, máàkì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 400 dé 1600. ACT ní tirẹ̀ ń lo 1 dé 36. Yunifásítì tó ń gba ọ̀kan ń gba èkejì, kò sì sí èyí tó níyì ju èkejì lọ lójú wọn.

Nínú méjèèjì, èwo ni kí ọmọ mi ṣe?

Ẹ jẹ́ kó jókòó nílé ní Sátidé méjì, kó ṣe ìdánrawò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Èyí tó bá ti ṣe dáadáa jù ni kó mú, kó sì gbàgbé èkejì. Láti ọdún 2025 ni wọ́n ti gé ACT kúrú, wọ́n sì ti sọ apá sáyẹ́ǹsì di ohun tí ọmọ lè ṣe tàbí kó fò. Kó tó fò ó, ẹ wò ó bóyá ibi tó ń lọ ṣì ń béèrè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìwé àti pẹ́ńsù ṣe SAT. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí?

Rárá o. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, oṣù kẹta 2024 ló wá kan Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 14 ni gbogbo rẹ̀. Kíkà àti kíkọ gba ìṣẹ́jú 64 fún ìbéèrè 54, ìṣirò gba ìṣẹ́jú 70 fún ìbéèrè 44, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì wà láàárín wọn.

Apá kọ̀ọ̀kan pín sí méjì. Bí ọmọ bá ṣe ṣe ìdajì àkọ́kọ́ sí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ bóyá kó gbé ìdajì kejì tó le fún un tàbí èyí tó rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé èyí tó rọ̀ fún kò lè dé òkè téńté mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ ṣeré. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, torí náà kò sí ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀rọ ìṣirò wà nínú Bluebook, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, ọmọ sì lè lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò dé òpin rẹ̀.

Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà lè yá ti College Board. Ó kéré tán, kó ti béèrè ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdánwò.

Ìgbà wo ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọdún kejìlá ti pẹ́ jù?

Fún ẹni tó fẹ́ fi fọ́ọ̀mù kùtùkùtù sílẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìwọlé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ṣáájú gbèdéke gbogbogbòò, ó ti pẹ́ jù. Ẹ ka ọjọ́ náà láti ẹ̀yìn wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló fi gbèdéke fọ́ọ̀mù kùtùkùtù sí ọjọ́ 1 tàbí ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejìlá. Èsì SAT máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jáde. Ó túmọ̀ sí pé SAT oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ ìkẹyìn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ ìkẹyìn jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní.

Bí mo ṣe ń tò ó fún àwọn tó bá béèrè nìyí: SAT àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta ọdún kọkànlá. Kí ọmọ wo ibi tó ti kùnà, kó fi hòlidé gígùn tún un kà, kó sì tún jókòó ní oṣù kẹjọ. Oṣù kẹwàá wà fún ẹni tí àìsàn ṣe tàbí tí kọ̀ǹpútà dà láàmú. Ẹ ṣọ́ra fún oṣù karùn-ún bí ọmọ bá ń ṣe AP (ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe nílé-ìwé girama), torí oṣù yẹn gan-an ni ìdánwò AP náà ń wáyé.

Ọmọ ọdún kẹsàn-án kò nílò lẹ́sìnnì SAT kankan, ẹ fi owó yín sápò. Ìṣirò ni kí ẹ mójú tó. Álíjíbrà ló pọ̀ nínú ìṣirò SAT, ọmọ tí kò bá sì tíì ṣe Algebra 2 dé ọdún kọkànlá yóò bá ohun tí kò rí rí pàdé. Ẹ lọ bá kọ́ńsẹ́lọ̀ ilé-ìwé, ẹni tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà, ní ọdún kẹsàn-án, kí ẹ bi í pé ipele ìṣirò wo ni wọ́n fi ọmọ yín sí àti ibi tí ipele náà máa já sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè, torí ilé ibi tí olùkọ́ ti mọ ohun gbogbo ni a ti jáde wá. Níhìn-ín, òbí tó béèrè ni wọ́n ń dá lóhùn.

PSAT tí ilé-ìwé ń ṣe ńkọ́?

Ìdánrawò SAT ni, oṣù kẹwàá ni wọ́n sì ń ṣe é. Yunifásítì kì í fi máàkì rẹ̀ gbani wọlé, torí náà kò sí ìdí fún ẹkún. Ti ọdún kọkànlá nìkan ni owó wà nínú rẹ̀: òun ni wọ́n fi ń ṣa àwọn tó ń du ẹ̀bùn National Merit. Èyí tí ọmọ bá ṣe ṣáájú ìgbà yẹn, ìdánrawò lásán ni.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ lè ṣe SAT?

Ẹ̀ẹ̀mejì dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta kò burú. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyà ni.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń mú máàkì tó ga jù ní apá kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ gbà wọ́n. Ẹni tó gba 700 nínú ìṣirò àti 640 nínú kíkà ní oṣù kẹta, tó wá gba 680 àti 710 ní oṣù kẹjọ, 1410 ni wọ́n máa kà fún un. Àwọn ibòmíràn, bíi Georgetown, fẹ́ rí gbogbo èsì ìdánwò tí ọmọ ti ṣe. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ọmọ tó lọ "kàn gbìyànjú ẹ̀ wò" láìmúra.

Èló ni yóò ná wa?

Dọ́là 68 ni owó SAT ní Amẹ́ríkà ní sáà 2024 sí 2025. Ẹ yẹ iye tuntun wò kí ẹ tó sanwó. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè gba ìwé ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńsẹ́lọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ọmọ ṣe SAT lẹ́ẹ̀mejì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún kọkànlá àti kejìlá, tó sì tún ń gbà á lọ́wọ́ owó fọ́ọ̀mù ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Bí ọmọ yín bá ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ nílé-ìwé, ó tóótun. Mo mọ àwọn tí ojú tì láti béèrè, tí wọ́n wá san owó fọ́ọ̀mù mẹ́wàá. Kọ́ńsẹ́lọ̀ kò ní kéde yín.

Ní ti lẹ́sìnnì, Khan Academy ń kọ́ni ní SAT lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìfọwọ́sí College Board, ìdánrawò pípé sì wà nínú Bluebook fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá lo ìwọ̀nyí ní wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ kábàámọ̀. Ẹ sanwó fún olùkọ́ lẹ́sìnnì bí ọmọ bá ti ṣe èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ tán tí kò sì lọ sókè mọ́.

Wọ́n ní SAT kò pọn dandan mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ti jẹ́ òótọ́ rí. Nígbà kòrónà, ọdún 2020, ọ̀pọ̀ yunifásítì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ni kó fi máàkì sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. MIT ṣíwájú ní 2022. Ní 2024, Dartmouth, Brown, Harvard, Caltech àti University of Texas tó wà ní Austin kéde pé àwọn ti dá a padà. Yale náà dá a padà, ṣùgbọ́n ó gba kí ọmọ fi èsì AP tàbí ti IB (ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé kan fún ilé-ìwé girama) rọ́pò. Àwọn yunifásítì ìjọba ní Florida ń béèrè rẹ̀, Georgia Tech náà ń béèrè.

Ní òdìkejì, gbogbo ẹ̀ka University of California kì í wo SAT rárá, ẹ̀bẹ̀ kankan kò lè mú kí wọ́n wò ó. Columbia fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìròyìn ọdún tó kọjá gbọ́. Ọmọ tí kò bá ṣe SAT ti ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ara rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀ fún ẹni tó wù, ẹ wá ìwé tí yunifásítì náà ń gbé jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Common Data Set. Yóò fi hàn yín ibi tí máàkì ìdajì àwọn tó wọlé wà. Bí ti ọmọ yín bá bọ́ sáàárín rẹ̀ tàbí ó kọjá rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Orúkọ ọmọ mi gùn. Èwo ni kó kọ sórí fọ́ọ̀mù?

Ìbéèrè yìí kéré lójú, ó sì ti fa ìdààmú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Olúwadámiláre ló wà nínú ìwé ìbí, Dammy ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé, Damilare ló fi forúkọ sílẹ̀ fún SAT, orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀ ló sì wà láàárín lórí ìwé ìrìnnà. Lójú kọ̀ǹpútà yunifásítì, ènìyàn mẹ́rin nìyẹn. Máàkì SAT rẹ̀ lè wà níbì kan, kí wọ́n máa kọ̀wé sí i pé àwọn kò rí i.

Ẹ mú orúkọ tó wà lórí ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ tó máa mú lọ sí ìdánwò, láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ bákan náà sí College Board, Common App (fọ́ọ̀mù ìwọlé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò), FAFSA (fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀) àti àkọsílẹ̀ ilé-ìwé. Àyè ọ̀tọ̀ wà lórí Common App fún orúkọ tí ọmọ fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ẹ lo ímeèlì kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ti ilé-ìwé, torí wọ́n lè ti í pa lẹ́yìn tó bá jáde.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Early Decision àti Early Action?

Early Action dà bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọmọ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní kùtùkùtù, ó gbọ́ èsì ní kùtùkùtù, ó sì ní títí di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún láti yan ibi tó wù ú. MIT àti University of Maryland ń ṣe irú èyí.

Early Decision ni ìdána. Ibì kan ṣoṣo ni ọmọ lè ṣe é sí, bí wọ́n bá sì gbà á, ó ti di tiwọn: yóò fa gbogbo fọ́ọ̀mù yòókù yọ. Brown, Columbia, Duke, Rice àti Northwestern wà nínú àwọn tó ń ṣe é. Èsì máa ń dé ní àárín oṣù kejìlá. Àwọn kan ní ìpele kejì tí gbèdéke rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní.

Ọ̀kan tún wà láàárín méjèèjì tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Harvard, Yale, Princeton àti Stanford kì í fi tipátipá mú ọmọ tí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kó fi fọ́ọ̀mù kùtùkùtù sí yunifásítì aládàáni mìíràn. Ti ìjọba kò burú.

Ṣé ẹni tó bá tètè dé ló máa wọlé jù?

Bí ẹ bá wo iye tí wọ́n ń gbà nínú ọgọ́rùn-ún, ti kùtùkùtù máa ń ga. Ẹ rántí pé àwọn eléré ìdárayá tí kóòṣì ti bá sọ̀rọ̀ ti wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí bàbá wọn kàwé níbẹ̀. Síbẹ̀, Early Decision ń ran ọmọ tí ìwé rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ lóòótọ́, torí yunifásítì mọ̀ pé yóò wá.

Kò lè ran ọmọ tí máàkì ọdún kọkànlá rẹ̀ kò dára lọ́wọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò sáà àkọ́kọ́ ọdún kejìlá kó fi hàn pé òun ti jí. Kó dúró de gbèdéke oṣù kìn-ín-ní.

Ta ló máa kọ lẹ́tà fún un, ìgbà wo la sì máa béèrè?

Olùkọ́ méjì tó kọ́ ọ ní ọdún kọkànlá, kó sì bẹ̀ wọ́n kí hòlidé gígùn tó dé. Olùkọ́ tí ọmọ ọgbọ̀n bá bẹ̀ ní oṣù kẹwàá kò ní ohun púpọ̀ láti kọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ni Common App máa ń ṣí fún ọdún tuntun, kí àròkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ 650 ni ó pọ̀ jù, ọmọ ni kó kọ ọ́. Àwọn tó ń kà á máa ń mọ ohùn bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Bí a bá ṣe Early Decision, tí owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún wa kò bá tó ńkọ́?

Bí owó náà kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe fún ìdílé, yunifásítì lè dá ọmọ sílẹ̀ nínú àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ bá ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin sì ni ẹ máa ṣàlàyé. Ibi tó ti dùn wá jù ni pé ẹni tó ṣe Early Decision kò ní ìwé yunifásítì mìíràn lọ́wọ́ tó máa fi wé e. Kò sí ọjà tí ẹ máa ná.

Torí náà, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ lo ẹ̀rọ ìṣirò owó (net price calculator) tí òfin ní kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ tẹ iye tó ń wọlé fún yín sí i, yóò sọ bí iye tí ẹ máa san ṣe máa rí. Bí ohun tó gbé jáde bá bà yín lẹ́rù, Early Decision kì í ṣe tiyín níbẹ̀. Early Action ni kí ẹ ṣe.

Fún ìdílé tí owó rẹ̀ kéré tí ọmọ rẹ̀ sì mọ̀wé gidi, ẹ wo QuestBridge, ètò tó ń so irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ yunifásítì. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni gbèdéke rẹ̀ máa ń jẹ́, ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ni wọ́n ń kéde àwọn tí yunifásítì yàn, owó ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ń san fún wọn pátá.

A ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, a sì ń kọ́lé sí Ìbàdàn. Ṣé FAFSA mọ̀?

Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín, FAFSA kò ní àyè kankan tí ẹ máa kọ ọ́ sí. Lójú rẹ̀, ọwọ́ yín ni owó náà ṣì wà. CSS Profile, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ mìíràn tí ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni ń béèrè, ní ibi tí ẹ ti lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìdílé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àwọn rìsíìtì. Mi ò ní tàn yín: àwọn ọ́fíìsì kan máa ń gbọ́, àwọn kan kì í gbọ́.

Ilé Ìbàdàn ńkọ́? Ilé tí ẹ ń gbé ni FAFSA kì í kà. Ilé mìíràn tó bá jẹ́ tiyín jẹ́ dúkìá, ibikíbi tó bá wà láyé, iye tó tó lónìí lẹ́yìn tí ẹ bá yọ gbèsè tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ máa kọ. Ilé ẹbí tí orúkọ yín kò sí nínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe tiyín.

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín títí ó fi máa pẹ́: owó orí ọdún méjì sẹ́yìn ni FAFSA ń wò. Ọmọ tó máa wọ yunifásítì ní oṣù kẹjọ 2027, owó tó wọlé fún yín ní 2025 ni wọ́n máa fi ṣe ìṣirò rẹ̀, nígbà tí ọmọ ṣì wà láàárín ọdún kẹwàá àti kọkànlá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ àṣekún lọ́dún yẹn, ẹ mọ̀ pé yóò hàn.

Dókítà ni a fẹ́ kó jẹ́. Ṣé kó gba ètò tó lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn?

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni ènìyàn ń kọ́ ìṣègùn. Àwọn ètò díẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Ti Brown, tí wọ́n ń pè ní PLME, jẹ́ ọdún mẹ́jọ. Àyè wọn kéré gan-an, gbèdéke ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń yá. Kó gbìyànjú rẹ̀ bó bá jẹ́ òun ló fẹ́ ẹ. Wọ́n máa bi í léèrè ìdí, ìdáhùn "ìyá mi" kò ní tó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa wà ní Èkó, ó fẹ́ wá. Ṣé ètò kan náà ni?

Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kó tètè bẹ̀rẹ̀, láti SS2. Ìwé ìrìnnà ni College Board ń gbà fún ìdánimọ̀ ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá ní i kò ní wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ibùdó ìdánwò kò pọ̀, ó sì máa ń kún. EducationUSA ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá tó ń dámọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í fi àìní owó kọ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ẹni tó bá béèrè owó púpọ̀ ń dín àǹfààní ara rẹ̀ kù. Òfin físà ń yí padà, torí náà kí wọ́n wo ohun tí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an kí wọ́n tó náwó sórí fọ́ọ̀mù.

Wọn kò gbà á, wọn kò sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó dúró. Kí la máa ṣe?

Wọ́n ti sún fọ́ọ̀mù rẹ̀ sáàárín ti gbogbogbòò nìyẹn. Àdéhùn Early Decision ti tú, ó lómìnira. Kó fi èsì sáà àkọ́kọ́ ránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà kúkurú kan bí wọ́n bá gbà á láyè. Ẹ má fi ìbínú pe ọ́fíìsì wọn.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ Early Decision síbì kan, ọmọ fẹ́ ẹ síbòmíràn. Ṣé a lè ṣe méjèèjì?

Ẹ kò lè ṣe é. Ọmọ, òbí kan àti kọ́ńsẹ́lọ̀ ló ń buwọ́ lu àdéhùn náà. Kọ́ńsẹ́lọ̀ kò ní buwọ́ lu méjì, bí àṣírí bá sì tú, yunifásítì méjèèjì lè gba àyè wọn padà. Bí ìjà náà kò bá tíì parí nílé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, kí ọmọ ṣe Early Action sí ibi méjì tàbí mẹ́ta tó ń gbà á láyè, kí ẹ sì máa bá ìjà yín lọ títí di oṣù karùn-ún.